Alárinà Tí Kò Yẹ̀bá: Fóònù àti Ìbẹ̀rù Àwùjọ Láàrin Àwọn Ọmọ Wa

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹnu ni a fi ń sọ̀rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú ni a fi ń mọ̀ bí inú ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ bá dùn, ojú ni a fi ń mọ ìgbà tí ó yẹ kí a dákẹ́, ojú náà ni a sì fi ń mọ̀ bí ẹ̀bẹ̀ bá ti wọ onítọ̀hún lára. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé bí ọ̀rọ̀ bá le láàrin ẹbí, àgbà kì í parí rẹ̀ láti òkèèrè. Yóò ní kí tọ̀tún-tòsì wá, kí wọ́n fojú rinjú.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wọ ọ̀pọ̀ ilé lónìí, ì báà jẹ́ ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta tàbí ní Èkó, yóò rí ohun tí ń kọni lóminú. Àlejò wọlé, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí ó jókòó sórí àga kò mọ ohun tí yóò fi ara rẹ̀ ṣe. "Ẹ káàsán" tí ó wí kò kọjá ètè rẹ̀. Kí àlejò tó rí ibi jókòó sí, ọmọ ti yọ́ wọ yàrá lọ. Bẹ́ẹ̀ ọmọ yìí kan náà ni ó ń kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn lórí fóònù títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Bí ẹnì kan bá sì pè é lórí fóònù náà, yóò máa wò ó títí yóò fi dákẹ́, lẹ́yìn náà ni yóò tó tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ pé, "Mo rí ìpè yín, kí ni ẹ fẹ́ sọ?"

Àwọn òbí kan a ní ìgbéraga ni. Àwọn mìíràn a ní ọmọ náà kò lẹ́kọ̀ọ́. Ẹlòmíràn tilẹ̀ lè máa wá ọwọ́ ayé sí i. Ṣùgbọ́n lára ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí, kò sí ìgbéraga kankan níbẹ̀. Ẹ̀rù ènìyàn ni ó ń bà wọ́n. Ọ̀rọ̀ náà sì ju ọ̀rọ̀ ìkíni lọ, nítorí ọmọ tí ń sá fún ojú ènìyàn lónìí ni yóò jókòó níwájú àwọn tí yóò fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò fún iṣẹ́ lọ́la. Òun ni yóò dúró níwájú àwọn àna rẹ̀. Òun náà ni yóò ko àwọn mọ̀lẹ́bí lójú lọ́jọ́ tí bàbá rẹ̀ bá dolóògbé.

ÌTÌJÚ YÀTỌ̀ SÍ ÌBẸ̀RÙ

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Ìtìjú jẹ́ ẹ̀ṣọ́ lára ọmọlúàbí. Ọmọ tí ó bá ń ranjú mọ́ àgbà kò ní ẹ̀kọ́ ilé, ọmọ tí ó bá sì rọra wo ilẹ̀ nígbà tí ìyá rẹ̀ ń bá a wí ti ṣe ohun tí ó yẹ. Bí ọmọ bá ṣe jẹ́jẹ́, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kò sí àìsàn kankan nínú èyí. Bí Ọlọ́run ṣe dá ẹlòmíràn nìyẹn.

Ìbẹ̀rù àwùjọ ni ó yàtọ̀. Ẹni tí ó bá ní in yóò máa rò pé gbogbo ojú ni ó ń wo òun, pé gbogbo ẹnu ni ó ń sọ òun, pé bí òun bá la ẹnu, àṣìsọ ni yóò jáde. Àyà rẹ̀ a máa lù kìkì, òógùn a bò ó, ọwọ́ rẹ̀ a máa gbọ̀n, ahọ́n rẹ̀ a gbẹ. Ọjọ́ mélòó kan kí ìpàdé tó pé ni yóò ti máa ronú rẹ̀. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìpàdé ni yóò fi máa ro ohun tí ó sọ níbẹ̀ lásọtúnsọ. Ní ọdún 1980 ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi í sínú ìwé àkójọ àìsàn wọn gẹ́gẹ́ bí àìsàn tí ó dá dúró lórúkọ tirẹ̀. Ìgbà ọ̀dọ́lángba ni ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ̀ ọ́n ni pé kí ẹ̀rù náà máa dí ènìyàn lọ́wọ́: kí ó máà jẹ́ kí ó lè dáhùn ìbéèrè ní kíláàsì bí ó tilẹ̀ mọ ìdáhùn, kí ó máà jẹ́ kí ó lè ra nǹkan lọ́jà, kí ó máà jẹ́ kí ó ní ọ̀rẹ́.

BÍ ÀṢÀ ṢE Ń SỌ ỌMỌ DI ẸNI TÍ OJÚ RẸ̀ LÀ

Kì í ṣe pé ẹ̀rù kò ba àwọn ọmọ àtijọ́. Ẹ̀rù bà wọ́n. Ṣùgbọ́n àṣà wa ní ọ̀nà tí ó fi ń mú wọn la ẹ̀rù náà kọjá díẹ̀díẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é ní ìtọ́jú.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìkíni bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ń dirun, "Ojú gbooro o" ni a ó kí i. Aláró, "Àrẹdú o." Àgbẹ̀, "Àrokobọ́dúndé." Ọlọ́jà, "Ajé á wọgbá o." Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, "Ẹ kú ewu ọmọ." Ẹni tí ó jókòó, ẹni tí ó dúró, ẹni tí ó ń bọ̀ láti ìrìn àjò, ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, olúkúlùkù ni ó ní tirẹ̀. Àwọn mìíràn lè rò pé àṣejù ni èyí. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Ìbéèrè tí ó máa ń kọ́kọ́ dẹ́rù ba ẹni tí ojú ń tì ni pé, "Kí ni n ó sọ?" Àṣà ti dáhùn ìbéèrè náà fún un kí ó tó jáde nílé. Ọmọdé tí ó mọ ìkíni kò níí wá ọ̀rọ̀ tì. Bí ó bá ti dọ̀bálẹ̀ tàbí tí ó bá ti kúnlẹ̀, tí ó sì wí èyí tí ó bá ipò náà mu, àgbà ni yóò gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ pẹ̀lú àdúrà, oríkì yóò sì tẹ̀ lé e. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, èyí tí ó ṣòro jù, ti kọjá.

Lẹ́yìn ìkíni, iṣẹ́ jíjẹ́ ló kàn. "Lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n mi, kí o kí wọn, kí o sọ fún wọn pé mo ní kí wọ́n má ṣàìdé lọ́la." Ọmọ yóò lọ, yóò kúnlẹ̀, yóò jẹ́ iṣẹ́, yóò gba èsì, yóò sì padà wá ròyìn. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ: ọmọ náà ni yóò fi làákàyè tirẹ̀ tún ọ̀rọ̀ tò. Àkàbà sì ni iṣẹ́ wọ̀nyí. Yàrá kejì ni a ó kọ́kọ́ rán an, lẹ́yìn náà agbo ilé kejì, lẹ́yìn náà ọjà, títí a ó fi lè rán an lọ sí ìlú mìíràn. Àrokò pàápàá, tí í ṣe ìwé àwọn baba wa, kò dá rin ìrìn àjò. Bí ènìyàn bá di ẹyọ owó mẹ́fà ránṣẹ́ láti fi sọ pé ọkàn òun fà sí ẹnì kejì, ẹnì kan ni yóò mú un lọ, tí yóò sì dúró níwájú ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí.

Lálẹ́, àlọ́ ni. Ọmọdé tí kò lè sọ̀rọ̀ láàrin èrò lọ́sàn-án yóò gba orin àlọ́ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lálẹ́, ohùn rẹ̀ yóò sì farapamọ́ sínú ohùn wọn. Nígbà tí ó bá pẹ́, òun náà yóò pa tirẹ̀. Bí ó bá ṣìwí, wọn yóò rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà yóò sì tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Láàrin àwọn ará Ọ̀yọ́, ọmọge tí ó fẹ́ lọ sílé ọkọ yóò sun ẹkún ìyàwó níwájú ìyá, bàbá àti gbogbo ẹbí. Kò sí àwùjọ tí ó lè dẹ́rù bani ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n kò bá a lójijì. Ó ti gbọ́ tàwọn tí ó ṣáájú rẹ̀, ó ti kọ́ ọ lẹ́nu wọn, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ní ti ìfẹ́ ńkọ́? Àwọn baba wa mọ̀ pé ojú kò rọrùn níbẹ̀. Wọn kò sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin pé kí ó lọ dá dúró níwájú ọmọge kí ó máa gbọ̀n. Wọ́n fún un ní alárinà. Alárinà ni yóò gbé ọ̀rọ̀ lọ, tí yóò gbé èsì wá, tí yóò tu ojú kún ọ̀rọ̀ tí ó bá le. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ alárinà ní òpin. Bí ojú bá ti mọ ojú, alárinà a yẹ̀bá. Alárinà tí ó bá kọ̀ tí kò yẹ̀bá ti di ìdènà láàrin àwọn tí ó yẹ kí ó so pọ̀.

NÍGBÀ TÍ FÓÒNÙ DÉ

Ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ nìyí. Fóònù jẹ́ alárinà. Kí oṣù Kẹjọ ọdún 2001 tó dé, tí fóònù alágbèéká ti òde òní bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà, ilé díẹ̀ ni ó ní tẹlifóònù. Inú pálọ̀ ni ó sì máa ń wà. Bí ó bá dún, ẹni tí ó bá wà nítòsí ni yóò gbé e, ọmọdé pàápàá. Yóò kí ẹni tí ó pè láìmọ ẹni náà, yóò béèrè orúkọ rẹ̀, yóò sì lọ pe bàbá. Ìyẹn pàápàá jẹ́ iṣẹ́ jíjẹ́.

Nígbà tí ó ṣe, fóònù kúrò ní pálọ̀, ó wọ àpò. Facebook bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2004, WhatsApp ní 2009, Instagram ní 2010, TikTok sì dé lẹ́yìn wọn. Ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í fún lẹ́tà ní àyè. Alárinà yìí yára, kì í sùn, owó rẹ̀ kò pọ̀ bíi ti ọkọ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í yẹ̀bá. Ọ̀dọ́ méjì lè bára wọn sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ fún ọdún kan, kí wọ́n pàdé lójú títì, kí wọ́n má sì mọ ohun tí wọn yóò sọ.

BÍ Ẹ̀RÙ ṢE Ń DÀGBÀ

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀nà tí ó gbà ń ṣẹlẹ̀. Ká ní wọ́n pe ọmọbìnrin kan síbi ìkómọ. Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà á láti ọjọ́ mẹ́ta. Láyé àtijọ́, kò sí bí yóò ti ṣe é tí kò níí lọ. Lónìí, yóò tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ pé, "Ara mi kò yá," yóò fi àwòrán òdòdó kan tì í. Lójú ẹsẹ̀, ara yóò tù ú. Ìtura náà ni olùkọ́ burúkú. Ó ti kọ́ ọ pé sísá ni ó gba òun là, kò sì rí àyè mọ̀ pé bí òun bá lọ, kò sí ohun tí ìbá ṣe òun. Nígbà mìíràn tí wọ́n bá tún pè é, ẹ̀rù náà yóò ti fi díẹ̀ tóbi sí i.

Bí ó bá tilẹ̀ lọ, fóònù lè bá a lọ. Yóò jókòó ní igun kan, yóò sì doríkodò sí i, kí ẹnikẹ́ni má baà bá a sọ̀rọ̀. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ yóò rò pé ọwọ́ rẹ̀ dí, wọn yóò fi í sílẹ̀. Òun yóò padà sílé pẹ̀lú èrò pé, "Ṣé ẹ rí i? Ẹnikẹ́ni kò ka èmi kún."

Nǹkan kejì ni pé lórí fóònù, a lè pa ọ̀rọ̀ rẹ́ kí a tún un kọ nígbà mẹ́wàá kí a tó fi ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni ń fọ́. Ẹni tí ó bá ti mọ́ lára láti máa pa ọ̀rọ̀ rẹ́, ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé pa rẹ́ yóò máa dẹ́rù bà á.

Nǹkan kẹta ni kíka iye. Ní ọdún 2009 ni Facebook bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí ènìyàn fi àmì hàn pé ohun tí ẹnì kejì gbé jáde wu òun, kí iye àmì náà sì hàn sí gbogbo ayé. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2014, WhatsApp mú àmì aláwọ̀ búlúù méjì jáde, tí ń sọ pé ẹni tí a kọ̀wé sí ti kà á. Láti ìgbà náà, ìjókòó kò rọrùn fún ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́. "Ó ti kà á, kò dáhùn. Kí ni mo ṣe fún un?" Láyé àtijọ́, a mọ̀ pé a kò gbajúmọ̀ tó ẹnì kan, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò kọ iye rẹ̀ sára ògiri ilé wa.

Èyí tí ó burú jù ni ẹ̀sín. Ẹ̀rín abẹ́ òṣùpá ń tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí wọ́n bá ya fídíò ọmọ tí ó ṣubú tàbí tí ó ṣì Gẹ̀ẹ́sì sọ lónìí, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí ní ìlú tí kò dé rí yóò fi rẹ́rìn-ín lọ́dún tí ń bọ̀. Ẹ̀rù tí ń ba ọmọ wa kì í ṣe àlá lásán nígbà náà.

Ẹ̀BI KÌ Í ṢE TI FÓÒNÙ NÌKAN

Síbẹ̀, àgbà tí yóò bá dá ẹjọ́ ní láti gbọ́ tẹnu ẹnì kejì. Àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá kò tíì fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Vivek Murthy, tí í ṣe olórí àwọn dókítà ìjọba Amẹ́ríkà nígbà náà, kìlọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́lángba tí ń lo ju wákàtí mẹ́ta lọ lójúmọ́ lórí àwọn ìkànnì wọ̀nyí wà nínú ewu ìlọ́po méjì pé ọkàn wọn kò níí balẹ̀. Ní ọdún 2024, Jonathan Haidt kọ odindi ìwé láti sọ pé fóònù tí ó gba ipò eré ọmọdé ni ó fa ìdààmú ọkàn àwọn ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n lọ́dún kan náà, Candice Odgers, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì California ní Irvine, dá a lóhùn pé ẹ̀rí tí ó wà nílẹ̀ kò tó láti dá fóònù lẹ́bi, pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé ọmọ tí ọkàn rẹ̀ ti dàrú tẹ́lẹ̀ ni ó ń sá wọ inú fóònù. Ìjọba Ọsirélíà ní tiwọn ṣe òfin ní òpin ọdún 2024 pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rìndínlógún kò gbọdọ̀ ní àkáǹtì lórí àwọn ìkànnì ńláńlá. Òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kẹwàá oṣù Kejìlá ọdún 2025.

Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ méjèèjì lè jẹ́ òótọ́ pọ̀. Ẹ̀rù ń ti ọmọ sínú fóònù, fóònù sì ń bọ́ ẹ̀rù náà kí ó sanra. Fóònù náà sì ní oore tirẹ̀. Akólòlò ń fi í sọ ohun tí ahọ́n rẹ̀ kò jẹ́ kí ó sọ. Odi ń fi í bá ẹni tí ó gbọ́rọ̀ dọ́rẹ̀ẹ́. Ọmọ-ọmọ tí a bí ní Lọ́ńdọ̀nù ń rí ojú ìyá àgbà rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú lórí rẹ̀. Nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilẹ̀kùn ilé ẹ̀kọ́ pa ní ọdún 2020, òun nìkan ni ilẹ̀kùn tí ó ṣí sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọmọ.

Àwa àgbà náà kò mọ́ nínú ẹ̀sùn yìí. Ta ni ó kọ́kọ́ fi fóònù lé ọmọ ọdún méjì lọ́wọ́ kí ó lè dákẹ́ ẹkún? Ta ni ń tẹ fóònù nídìí oúnjẹ? Ìbẹ̀rù àwọn ajínigbé kò jẹ́ kí a rán ọmọ níṣẹ́ mọ́. Ẹ̀tọ́ ni, ṣùgbọ́n a kò fi ohun mìíràn rọ́pò rẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé ni ó máa ń fi ọ̀rọ̀ àti orin gba àna lálejò tẹ́lẹ̀ rí. Lónìí, alága ìdúró àti alága ìjókòó tí a fi owó háyà ni ó ń bá wa sọ ọ̀rọ̀ ẹnu wa. Nígbà tí ọmọ kò bá sì rí ọ̀rọ̀ sọ níwájú àlejò, àwa náà ni a ń pariwo pé, "Ṣé o yadi ni?" Ẹni tí ẹ̀rù ẹ̀sín ń bà, a tún fi ẹ̀sín wò ó sàn.

KÍ NI ṢÍṢE?

Isaac Marks, dókítà ọpọlọ ní ilé ìwòsàn Maudsley ní Lọ́ńdọ̀nù, wà lára àwọn tí ó fi hàn pé ọ̀nà tí ó dára láti wo irú ìbẹ̀rù báyìí sàn ni kí aláìsàn máa súnmọ́ ohun tí ó ń bà á lẹ́rù díẹ̀díẹ̀, kí ó sì dúró níbẹ̀ títí àyà rẹ̀ yóò fi balẹ̀. Ẹni tí ó bá ronú dáadáa yóò rí i pé àkàbà iṣẹ́ jíjẹ́ ni èyí. A kò níláti lọ yá a lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ padà máa rán ọmọ níṣẹ́, ní ibi tí ẹ mọ̀ pé kò léwu. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti kékeré: kí ó lọ kí ará ilé kejì, kí ó san owó fún ẹni tí ń ta búrẹ́dì, kí ó pe ìyá àgbà rẹ̀ lórí fóònù kí ó sì fi ohùn kí wọn, kì í ṣe pẹ̀lú lẹ́tà. Kí ẹ tó lọ síbi ìnáwó, ẹ kọ́ ọ ní ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀, nítorí ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí ó bá ṣìwí, ẹ tún un ṣe fún un nígbà tí ẹ bá padà délé, kì í ṣe lójú èrò. Ẹ jẹ́ kí àkókò oúnjẹ jẹ́ àkókò tí fóònù gbogbo ilé, títí kan ti bàbá, yóò wà ní ibòmíràn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, a kò ní kí ẹ ju fóònù nù. Ẹ lò ó bí wọ́n ti ń lo alárinà. Ẹ fi í dá ọjọ́ ìpàdé, kí ẹ sì lọ sí ìpàdé náà. Ẹ fi í wá ọ̀rẹ́, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ yín wá ojú ọ̀rẹ́ náà kàn. Bí àyà yín bá ń lù, ẹ mọ̀ pé àyà àwọn tí ó jókòó tì yín ti lù rí.

Bí ẹ̀rù náà bá ti pọ̀ débi pé ọmọ kò lè lọ sílé ẹ̀kọ́ mọ́, ẹ má ṣe gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí yóò nà án kí ẹ̀mí kan lè jáde. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn ọpọlọ, ní Arò ní Abẹ́òkúta, tàbí ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023 ni òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ rọ́pò òfin wèrè àtijọ́ ní Nàìjíríà, nítorí náà kò sí ìtìjú nínú ìtọ́jú. Ní Arò yẹn gan-an ni Thomas Adéoyè Lámbò ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ọdún 1954, tí ó ń fi àwọn aláìsàn sọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tí ó wà nítòsí, pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Dókítà náà mọ oògùn òyìnbó dáadáa, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ènìyàn ni aṣọ ènìyàn.

Alárinà ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tó àkókò kí ó yẹ̀bá díẹ̀, kí ojú lè mọ ojú.